Èbù Tí Ọ̀bẹ Kò Gbọdọ̀ Kàn

Iṣu tó wà lórí ìṣó nínú gáráàjì yẹn, èmi ni mo fi okùn so ó kọ́ síbẹ̀, èmi náà ni mo sì ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Láti ìgbà òtútù ló ti wà níbẹ̀. Ìyàwó ọmọ mi ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ títí, ó ti sú u. Lọ́jọ́ kan tó ti ibi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì dé, ó dúró ti mọ́tò rẹ̀, ó gbójú sókè, ó ní, "Màámi, iṣu yín yìí ti hù o. Ó ti ń na ọwọ́, ó fẹ́ wa mọ́tò." Mo rẹ́rìn-ín. Àmọ́ lówùúrọ̀ òní, Fọlákẹ́, ọmọ rẹ̀ àgbà, bi mí ní ohun tí ìyá rẹ̀ kò bi mí rí. Ó ní, "Grandma, ta ni ẹ ń tọ́jú ẹ̀ dè?" Ọ̀rọ̀ náà mú mi jókòó. Mo ní kó lọ mú ìwé àti bírò wá. Èmi ò mọ̀wé. Ohun tí ẹ ń kà yìí, ẹnu mi ló ti jáde, ọwọ́ Fọlákẹ́ ló gbà á. Ó ní ṣé kí òun kọ ọdún rẹ̀ sókè. Mo ní mi ò mọ iye ọdún. Kó kọ ọ́ pé ọdún tí a dé budó ni, ọdún tí eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà.

Budó ni àwọn ará òkè lọ́hùn-ún ń pe abúlé oko. Tiwa kò lórúkọ nígbà tí a débẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó gbé ibẹ̀ rí tí yóò sọ ọ́ lórúkọ. Ilẹ̀ ìlú wa ti ṣá. Bàbá mi á kọ ebè láti àárọ̀ títí ẹ̀yìn á fi máa ro wọ́n, iṣu tó bá sì jáde kò ní ju ọwọ́ ọmọdé lọ. Ibi tó ṣì dára níbẹ̀, àwọn ẹ̀gbọ́n wọn ló ń dá a. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ilẹ̀ tí kò rí ọkọ́ rí wà lókè, lẹ́yìn odò, níbi tí ilẹ̀ Yorùbá ti fẹ́ parí tí ti àwọn Bàrìbá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní àwọn ń lọ. Àwọn ẹ̀gbọ́n wọn fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Àkàndé, bí ọ̀bọ bá lé ọ padà, ọ̀nà ilé ò dí." Bàbá mi di ẹrù. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko la fi rìn. Ìyá mi pọn Àbẹ̀kẹ́, àbúrò mi, tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ń fi ọ̀pá lọ níwájú bí ẹni pé àwọn ló mọ̀nà. Èmi ru ìkòkò. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ méjì tí bàbá mi yá ru èbù. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra iṣu ní ṣọ́ọ̀bù, èbù ni iṣu tí à ń tọ́jú láti fi gbìn. Wọ́n fi koríko tútù bò ó, nígbàkígbà tí a bá sì dúró sinmi, bàbá mi á kọ́kọ́ sọ èbù kalẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń sọ ọmọ ìkókó kalẹ̀, kí wọ́n tó wẹ̀yìn wo àwa.

Níbí ní Pearland, lókè òkun, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ lówùúrọ̀ ni ilẹ̀kùn gáráàjì tí ọmọ mi ń ṣí kó tó gba freeway, títì ńlá wọn, lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní La Porte. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ohùn kankan mọ́ àfi ti fíríìjì. Ní budó, ẹyẹ ẹtù ló máa ń kọ́kọ́ ké nínú igbó, wọn á ké bí ẹni tí ń bára wọn jà. Lẹ́yìn wọn, ikọ́ Ìyá Àgbà. Lẹ́yìn ikọ́, bàbá mi á máa fi òkúta lu ọkọ́ kó lè wọ ẹ̀rúkọ́ dáadáa, kọ, kọ, kọ. Lẹ́yìn náà ni ọlọ ìyá mi, tí wọ́n fi ń lọ ọkà bàbà. Bí mo bá ti gbọ́ ọlọ, mo mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ àti pé oúnjẹ wà. Mo fẹ́ kí ẹ rántí ọlọ yẹn, nítorí ọjọ́ kan ń bọ̀ tí mo jí tí mi ò gbọ́ ọ mọ́.

A ní alábàágbé kan ṣoṣo. Bàbá Láyí ni, ọ̀rẹ́ bàbá mi láti kékeré, òun àti ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rin. Àárò ni òun àti bàbá mi ń ṣe: lónìí wọn á jọ ro oko wa, lọ́la wọn á jọ ro tirẹ̀. Bí wọ́n bá ti ń kọ ebè lọ ni wọ́n á máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá Láyí á dúró, á fọwọ́ lé ìbàdí, á ní, "Àkàndé, kí lèyí? Ebè àbí ibojì òkété?" Bàbá mi ò ní gbójú sókè. Wọ́n á ní, "Ó sàn ju tìrẹ tí adìẹ fẹsẹ̀ tàn." Àwa ọmọdé á máa rẹ́rìn-ín níbi tí a ti ń ṣa òkúta kúrò nínú ilẹ̀ tuntun. Iṣẹ́ mi nìyẹn, òkúta ṣíṣà, omi pípọn, àti Àbẹ̀kẹ́ pípọ̀n. Ọmọ náà wúwo ju bó ṣe rí lójú lọ. Lálẹ́, ìyá mi á ro túwó bàbà pẹ̀lú ẹ̀fọ́. Obìnrin Fúlàní kan máa ń gbé wàrà wá nínú igbá, a ó fún un ní bàbà, òun náà á fún Àbẹ̀kẹ́ ní wàrà mu, tí gbogbo ètè rẹ̀ á funfun bí ti arúgbó. Àmọ́ ohun tí Àbẹ̀kẹ́ fẹ́ràn jù láyé ni iyọ̀. Iyọ̀ ṣọ̀wọ́n lọ́hùn-ún. Ìyá Àgbà á dá díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ wọn, ọmọ náà á sì lá a mọ́ tónítóní bí ewúrẹ́, á tún yí ọwọ́ náà wò lẹ́yìn bóyá ó kù. Ìyá Àgbà á ní, "Èyí máa fẹ́ oníyọ̀."

Bàbá mi kọ́ àká fún èbù kí wọ́n tó kọ́ ibi tí àwa ń sùn tán. Wọ́n fi koríko bò ó, wọ́n fi ìtí igi gbé e kúrò nílẹ̀ nítorí ikán, wọ́n hun ilẹ̀kùn rẹ̀, wọ́n sì fi okùn dè é ní ìdè kan tí ó jẹ́ ti wọn nìkan. Ní ìdílé wa, èbù tí a bá kọ́kọ́ fẹ́ gbìn sí ilẹ̀ tuntun, ọ̀bẹ kì í kàn án. Odindi la ń gbìn ín. Ọwọ́ ọmọbìnrin tí kò tíì bàlágà ló sì ń fi àkọ́kọ́ sínú ebè. Ìyá Àgbà ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Wọ́n ní ilẹ̀ tuntun dà bí ìyàwó tuntun, a kì í gbé oúnjẹ tí a ti bù jẹ síwájú rẹ̀. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, yóò bínú padà sílé bàbá rẹ̀, àgbẹ̀ á sì máa gbin òfo. Mo gbà á gbọ́. Mo ṣì ń gbọ́ bí ohùn wọn ṣe rí nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́, ohùn jẹ́jẹ́, bí ẹni pé ilẹ̀ wà nítòsí tó ń gbọ́ wa. Èmi ni ọmọbìnrin tí yóò gbin àkọ́kọ́. Mo máa ń wo ọwọ́ mi méjèèjì bí ẹni tó ń wo ẹ̀bùn.

Òjò ló kù tí à ń retí. Gbogbo ebè ti wà nílẹ̀, ó lọ bẹẹrẹ títí dé etí igbó. Òjò kò rọ̀. Oṣù tó yẹ kó rọ̀ wọlé, ó jáde. Ìkùukùu á ṣú lọ́sàn-án, a ó sáré kó aṣọ, afẹ́fẹ́ á fẹ́ ẹ lọ. Odò di àbàtà, àbàtà di yẹ̀pẹ̀, a wá ń fi igbá wa yẹ̀pẹ̀ náà títí omi pupa díẹ̀ á fi sun. Obìnrin Fúlàní wa wá dágbére. Wọ́n ń da màlúù wọn lọ sí ìsàlẹ̀ níbi tí koríko wà. Bàbà tí a kó wá ń tán lọ. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìyẹ̀fun inú èso igi irú lú u, lẹ́yìn náà ìyẹ̀fun yẹn nìkan la ń mu. Èso ẹmì, igi tí à ń rí òrí lára rẹ̀, kò tíì pọ́n. Èyí tó já bọ́ fúnra rẹ̀, a jẹ ẹ́ bó ṣe korò. Gbogbo ìgbà yẹn, èbù wà nínú àká.

Bàbá Láyí kò dúró. Ó jẹ èbù tirẹ̀. Lóòótọ́, a rí èéfín, a gbóòórùn iṣu sísun láti ilé wọn lọ́jọ́ mẹ́fà, bàbá mi sì yíjú kúrò bí ẹni pé ọ̀rẹ́ wọn bọ́ra síhòòhò lójú ọ̀nà. Lọ́jọ́ keje, Bàbá Láyí kó ẹrù, ó wá dúró níwájú ilé wa. Ó ní, "Àkàndé, jẹ́ ká lọ. Ilé làbọ̀ ìsinmi oko." Bàbá mi ní, "Ilé wo? Ilé tí wọ́n á ti máa bi mí pé ọ̀bọ mélòó ló lé mi?" Bàbá Láyí ní, "Ẹ̀rín kì í pa ènìyàn. Ebi ló ń pani." Bàbá mi ní, "Kí o kí wọn nílé fún mi." Wọ́n lọ. Àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tò tẹ̀lé ìyá wọn. Mo wò wọ́n títí wọ́n fi kéré bí èèrà. Àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn dàgbà o. Láyí gan-an sin òbí rẹ̀ méjèèjì, ó sì rí ọmọ ọmọ. Mo kàn sọ ọ́ ni.

Nígbà tó yá, bàbá mi náà rí i pé àfi kí àwọn lọ sí ìlú lọ tọrọ oúnjẹ, ẹ̀rín tàbí ẹkún. Ọjọ́ mẹ́rin àlọ, ọjọ́ mẹ́rin àbọ̀. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n pè mí sídìí àká. Wọ́n fi ọwọ́ mi kan ìdè okùn náà. Wọ́n ní, "Àjíkẹ́, ọwọ́ rẹ ló máa gbin àkọ́kọ́. Ìwọ ni mo fi ṣọ́ ọ. Kí ẹnikẹ́ni má tú okùn yìí títí n ó fi dé." Mo ní, "Ẹ ó bá a bí ẹ ṣe dè é." Wọ́n fọwọ́ pa mí lórí, ohun tí wọn kì í sábà ṣe. Ẹ gbọ́, inú mi dùn. Láàárín ebi yẹn, inú mi dùn. Mo gbé ẹní mi lọ síbẹ̀, mo fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn àká, mo sì ń wo ọ̀nà bí ìyálóde.

Ọjọ́ kẹrin tí wọ́n lọ ni ara Àbẹ̀kẹ́ kọ́kọ́ gbóná. Mo rò pé omi pupa yẹn ni. Ó ń ṣu gbuuru, ohun tó bá mu kì í dúró nínú rẹ̀. Ìyá Àgbà já ewé, wọ́n sè é, wọ́n fún un mu, ó bì í. Nígbà tó di ọjọ́ keje, ó ti fúyẹ́ débi pé bí mo bá pọ̀n ọ́n, mo máa ń fọwọ́ kàn án lẹ́yìn kí n lè mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Kò sunkún mọ́. Ó kàn ń sọ ohun kan ṣoṣo ni. "Iṣu. Iṣu pẹ̀lú iyọ̀." Ọmọ tí kò tíì mọ orúkọ ìka ọwọ́ rẹ̀ tán. "Iṣu pẹ̀lú iyọ̀." Òwúrọ̀ ọjọ́ kẹjọ, mo jí, ẹtù ké, Ìyá Àgbà wúkọ́, mi ò gbọ́ ọlọ.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni ìyá mi wá bá mi nídìí àká. Oòrùn mú gan-an. Ìyá Àgbà wà ní odò tó gbẹ náà, kò jìnnà, níbi tí wọ́n ti ń wa omi. Ìyá mi dúró, wọn ò jókòó. Ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ wọn.

"Àjíkẹ́."

"Ìyá."

"Tú okùn yẹn."

"Bàbá ní kí ẹnikẹ́ni má tú u títí àwọn á fi dé."

"Bàbá rẹ ò sí nílé."

"Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí wọ́n fi ní kí n máa ṣọ́ ọ."

Ìyá mi wò mí. Mo rò pé wọ́n fẹ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ẹnu rẹ gbó ju ọjọ́ orí rẹ lọ." Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀, bí àgbà ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀. "Ẹyọ kan péré ni. Ibi ìdí rẹ̀ nìkan ni mo fẹ́ gé. Àbúrò rẹ ń bèèrè."

Mo gbọ́ gé, mo sì rí ọ̀bẹ. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní, "Ọ̀bẹ kì í kàn án." Ìyá mi na ọwọ́ sí okùn. Mo kígbe pe Ìyá Àgbà.

Èmi ni mo pè wọ́n. Ẹnikẹ́ni kò rán mi. Fọlákẹ́, má fo ibẹ̀ yẹn, kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́.

Ìyá Àgbà dé pẹ̀lú yẹ̀pẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n wo ọ̀bẹ, wọ́n wo ìyàwó ọmọ wọn. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní, "Ìyàwó, ẹni tó jẹ èbù, ọ̀la ló jẹ." Ìyá mi ní, "Ìyá, ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹ wo ọmọ náà." Ìyá Àgbà ní, "Mo ti wò ó. Àkàndé ń bọ̀ lọ́la. Ọmọ á dúró di ọ̀la." Ìyá mi dúró síbẹ̀ pẹ́. Wọn ìbá gbá mi létí, wọn ìbá tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mi ò ju ẹyẹ lọ lọ́wọ́ wọn. Wọn ò ṣe é. Nígbà tí mo di ìyàwó nílé ẹlòmíràn ni mo tó mọ ìdí rẹ̀. Bí ọwọ́ ìyàwó bá tú okùn yẹn, tí ilẹ̀ náà wá kọ̀ tí kò so, títí ayé ni wọ́n á máa sọ pé ọ̀bẹ ìyàwó Àkàndé ló lé àwọn kúrò ní budó. Bí ọwọ́ ọmọdé bá tú u, wọ́n á ní ọmọdé ni. Ìyá mi wá bẹ̀ mí kí n bá àwọn ru ẹrù kan tí àgbàlagbà kò lè dá rù. Mo kọ̀ ọ́. Wọ́n yí padà, wọ́n wọlé, wọ́n gbé Àbẹ̀kẹ́ sí àyà.

Àbẹ̀kẹ́ ò dúró di ọ̀la. Kí oòrùn tó wọ̀ ló lọ. Kò sí ọkùnrin nílé, kò sì sí alábàágbé. Ní ilẹ̀ wa, ìyá kì í mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀ sí. Ìyá Àgbà ló mú ọkọ́ bàbá mi, ọkọ́ tí wọ́n fi kọ ebè, èmi ni mo gbé ọmọ tẹ̀ lé wọn. Lábẹ́ igi ẹmì kan ni. Ilẹ̀ le bí òkúta, Ìyá Àgbà ń wúkọ́, wọ́n ń wa á díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń sinmi, wọ́n ń wa á. Wọn ò sọ òwe kankan. Nígbà tí a ṣe tán, wọ́n tú etí aṣọ wọn, wọ́n mú iyọ̀ tó kù jáde, wọ́n dà á síbẹ̀. Wọ́n ní, "O ò gbọdọ̀ sọ ibẹ̀ fún ìyá rẹ." Mi ò sọ ọ́. Ohun kejì tí mo ṣọ́ lọ́dún yẹn nìyẹn.

Bàbá mi dé lọ́jọ́ kejì, bí Ìyá Àgbà ṣe wí. Wọ́n ru láfún àti bàbà, ẹsẹ̀ wọn ti wú. Ìyá mi ò kí wọn káàbọ̀. Ìyá Àgbà ló pàdé wọn lọ́nà tí wọ́n sọ ọ́ fún wọn. Mo rí bí wọ́n ṣe sọ ẹrù kalẹ̀ láìwo ibi tó bọ́ sí. Wọ́n jókòó sílẹ̀ pẹ́ kí wọ́n tó dìde. Ìdí àká ni wọ́n wá. Wọ́n wo okùn náà, wọ́n fọwọ́ kàn án, ó wà bí wọ́n ṣe dè é. Wọ́n wo èmi. Wọ́n ní, "O ṣe é dáadáa."

Wọ́n ti bú mi láyé yìí. Ọkọ ti nà mí rí. Kò sí ọ̀rọ̀ tó dùn mí tó ìyẹn.

Òjò dé láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, òjò ńlá tó ń rọ̀ tọ̀sán tòru. Àwọn ebè mu ún yó. Ọwọ́ mi ló gbin àkọ́kọ́, odindi, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Ilẹ̀ náà kò bínú. Nígbà tí a máa wa iṣu, ó tóbi débi pé bàbá mi ń fi ọwọ́ méjèèjì fà á. Wọ́n máa ń sọ pé bí iṣu ẹni bá ta, a máa ń fi ọwọ́ bò ó jẹ. Ti bàbá mi kò ṣeé fi ọwọ́ bò. Ìròyìn délé, àwọn ẹ̀gbọ́n wọn méjì kó wá bá wa, Bàbá Láyí náà padà wá. Ibẹ̀ di abúlé, abúlé di ìlú kékeré, wọ́n ń pè é ní Budó Àkàndé títí dòní. Ìyá mi ló gún iyán àkọ́kọ́. Wọ́n gún un, ó kúnná, wọ́n bù ú fún bàbá mi, wọ́n bù ú fún Ìyá Àgbà, wọ́n bù ú fún mi. Wọ́n wá lọ síbi ọlọ, wọ́n lọ bàbà díẹ̀, wọ́n ro túwó tiwọn, wọ́n dá a jẹ. Bàbá mi ń wò wọ́n. Títí ìyá mi fi kú, iṣu kò kan ẹnu wọn mọ́, yálà sísun tàbí sísè, ì báà ṣe iyán tàbí ọkà àmàlà. Àwọn èèyàn rò pé èèwọ̀ ilé wọn ni. Mi ò tún un ṣe fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí wọ́n fún mi lọ́kọ, ìsàlẹ̀ ni wọ́n fún mi sí, níbi tí igbó ti dí. Ọdún àkọ́kọ́ mi níbẹ̀, ìyá ọkọ mi pè mí kí a lọ pèsè èbù. Wọ́n mú iṣu kan, wọ́n fi ọ̀bẹ gé e sí méjì láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ju orí rẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀ èbù. Wọ́n ju ìdí rẹ̀ sínú ìkòkò tó wà lórí iná. Wọ́n mú òmíràn, wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀. Mo tẹjú mọ́ wọn.

Wọ́n ní, "Ìyàwó, kí ló dé tí ò ń wò mí bí ẹni rí iwin?"

Mo ní, "Ìyá, ṣé èyí tí ẹ gé yẹn á hù?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Orí ló ń hù, ìdí là ń jẹ. Irú ọmọ àgbẹ̀ wo lèyí?"

Mo lọ sẹ́yìn ilé bí ẹni tó fẹ́ tọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rántí ohun tí ìyá mi sọ. Ibi ìdí rẹ̀ nìkan ni mo fẹ́ gé. Wọ́n sọ ọ́ fún mi. Ẹnu wọn ni mo ti gbọ́ ọ, mi ò kàn gbọ́ kọjá ọ̀bẹ ni. Orí ìbá wà fún ilẹ̀, ìdí ìbá wà fún Àbẹ̀kẹ́.

Ó pẹ́ kí n tó lè bi bàbá mi. Ìyá mi ti kú nígbà yẹn, ojú bàbá mi ti fọ́, wọ́n ń jókòó síwájú ilé, tí àwọn ọmọ ìlú ń wá kí wọn bí ọba. Mo jókòó tì wọ́n. Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ mọ̀ nígbà yẹn pé èbù tí a bá gé a máa hù?" Wọn ò bi mí pé ìgbà wo. Wọ́n ń fi àtàǹpàkò pa orí ọ̀pá wọn. Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Kò sí àgbẹ̀ tí kò mọ̀. Ilé wa ni kì í ṣe é lórí ilẹ̀ tuntun. Ẹ̀rù ilẹ̀ náà bà mí, Àjíkẹ́. Mo ti fi ilé sílẹ̀, mi ò ní ibòmíràn." Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Níbo lẹ sin ín sí?" Mo mú wọn lọ́wọ́, mo mú wọn débẹ̀. Igi ẹmì náà ti di ńlá. Wọ́n fọwọ́ pa á lára bí wọ́n ṣe fọwọ́ pa mí lórí lọ́jọ́ yẹn. Mi ò mọ̀ bóyá iṣu ìbá gba ọmọ náà là. Ọmọ tí ara rẹ̀ ti rí bẹ́ẹ̀, bóyá kò ní lè gbé e mì. Ó ṣáà bèèrè fún un. Ìyẹn ni mi ò rí ibi gbé e sí, láti budó títí dé òkè òkun yìí.

Fọlákẹ́ ti dáwọ́ dúró, ó ń wò mí. Ó ní, "Grandma, ẹ ò mọ̀. Ọmọdé ni yín." Mo mọ̀ pé ọmọdé ni mí. Gbogbo ìgbà tí mo bá rí iṣu tó gún régé, ọwọ́ mi á fi okùn dè é kí n tó rò ó. Nílé ọkọ mi, mo ṣe é. Níbí náà, mo ṣe é. Á gbẹ, a ó dà á nù, màá tún de òmíràn. O bi mí pé ta ni mo ń tọ́jú rẹ̀ dè, ọmọ mi. Mo rò pé o ti mọ̀ báyìí.

Gbé bírò yẹn kalẹ̀ díẹ̀. Lọ sí gáráàjì, kí o gun àga, kí o tú okùn náà. Tí kò bá ṣeé tú, já a. Mú ọ̀bẹ bọ̀. Gé orí rẹ̀ fún mi níbi tó ti hù, kí o jẹ́ kó nípọn díẹ̀. A ó rì í sí ẹ̀yìn ilé, lẹ́bàá ibi tí bàbá rẹ ń gbé ẹ̀rọ tó fi ń gé koríko sí. Ìyókù, bó o, kí o gbé e kaná.

Ó ti tú u o. Ó ti padà sídìí ìwé, ìkòkò sì ń hó bí mo ṣe ń sọ èyí. Kó tó kúrò nídìí iná, ó bi mí pé ṣé kí òun fi iyọ̀ sí i, nítorí dókítà ti ní kí n dín iyọ̀ kù. Mo ní kó fi sí i. Kì í ṣe tèmi.